Ọwọ́ Tí Kò Kan Bẹ́líìtì

Ọwọ́ Kúlísúmù kì í ṣe ọwọ́ tí í sá fún nǹkan. Ọwọ́ náà ti wẹ òkú obìnrin mẹ́rin ní mọ́sálásí wọn. Ó ti gbẹ̀bí ọmọ kan lẹ́yìn áńbúláǹsì lórí títì ńlá tí ó yí ìlú Washington po, nígbà tí bàbá ọmọ náà ń dákú tí ó ń jí níwájú ọkọ̀. Ó ti tẹ àyà ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí títí eegun fi kán lábẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà sì wà láàyè títí dòní, ó ń fi káàdì kí i lọ́dọọdún. Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ọwọ́ yìí kan náà nà dé ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí itan àgbàlagbà kan, kò sì lè lọ síwájú mọ́. Ìwọ̀n ìka mẹ́ta péré. Ohun tí ó dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni obìnrin náà, ọmọ Òkè-Àdó ní Ìbàdàn. Ó jáde ilé-ìwé girama, ó ń múra àtilọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni ọkọ dé, tí ọkọ sì mú un wá sí Prince George's lẹ́bàá Washington, ní Amẹ́ríkà, ibi tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá sín lójú títì, ọmọ Nàìjíríà kan á ní pẹ̀lẹ́. Wọ́n bí Sufyan, wọ́n bí Ummulkhair. Ní ọdún kọkànlá, ọkọ ní òun fẹ́ lọ wo ìyá òun nílé. Ó wo ìyá rẹ̀, ó sì rí ìyàwó mìíràn wò pẹ̀lú. Kúlísúmù kì í sọ ọ̀rọ̀ náà púpọ̀. Ó ní Ọlọ́run tí ń bọ́ òun kò bèèrè bóyá ọkọ wà nílé kí Ó tó bọ́ òun.

Bẹ́ẹ̀dì ni ó ń tẹ́ nígbà náà, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní National Harbor. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ láti orí odò gbé pákó àwọn tí ń nu fèrèsé, ó yí i dànù, ọ̀kan nínú wọn sì rọ̀ dirodiro sí ìta yàrá tí Kúlísúmù wà, ní àjà kọkànlá. Fèrèsé òtẹ́ẹ̀lì kì í ṣí. Kúlísúmù gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì láti inú, ọkùnrin náà gbé tirẹ̀ lé e láti ìta, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Gbogbo súrà tí ó mọ̀ ni ó kà tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́. Nígbà tí ó yá, ó rí bàtà kan tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, lẹ́yìn náà okùn méjì, lẹ́yìn náà panápaná kan tí ó gbá ọkùnrin náà mọ́ra bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ kúrò nínú omi ìwẹ̀.

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Panápaná náà bọ́ akoto lórí, Kúlísúmù sì rí i pé Àlàájì Nọ́fíù ni, Bàbá Rayyan, tí ó ń wa bọ́ọ̀sì ọmọ ilé-ìwé láàárín ọ̀sẹ̀, tí ó sì ń kọ́ Sufyan àti Ummulkhair ní kéwú ní gbogbo Sátidé. Ó kúnlẹ̀ sí àárín ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Àlàájì ní, "Dìde, òkúta wà níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ dúpẹ́, wá sí tésàn panápaná wa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A ń wá ènìyàn tí yóò yọ̀ǹda ara rẹ̀."

Báyìí ni ó ṣe wọ iṣẹ́ panápaná. Ó kọ́ iṣẹ́ áńbúláǹsì, ó yege, ó sì fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún àwọn tí ó lè tẹ́ ẹ. Ọdún mẹ́tàlá nìyí. Okùn nìkan ni ó kù tí kò tíì kọ́, okùn yẹn gan-an sì ni ó gbé e wá. Ó ní kí àwọn ọmọ dàgbà ná. Nígbà tí àwọn ọmọ dàgbà, ọ̀gá tésàn, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, sọ fún un pé àyè kan ṣí sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi okùn yọ ènìyàn nínú ewu. Bí ó bá gba satifíkéètì kí oṣù Kẹwàá tó parí, òun ni ó ni àyè náà. Bí kò bá gbà á, tésàn mìíràn ni yóò gbà á.

Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kọ́ọ̀sì náà, lórí ilé gogoro oníkankéré kan tí wọ́n kọ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Kò sí ẹni tí ń gbé ibẹ̀, kò sì sí fèrèsé gidi kan lára rẹ̀. Olùkọ́ wọn ni Mobáyọ̀, ọmọ Ọ̀yọ́, ẹni àádọ́ta ọdún, tí ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà ní Glenarden, tí ó sì máa ń bá okùn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Kì í fi Kúlísúmù lọ́rùn sílẹ̀.

"Ìyá Ummu, kókó tí ẹ ta yìí, ṣé ènìyàn la fẹ́ so mọ́ ọn ni, àbí ewúrẹ́ Iléyá?"

"Àgbò ni, Bọ̀ọ̀dá Mobáyọ̀. Ẹ̀yin onígbàgbọ́ kì í mọ ìyàtọ̀."

"A mọ̀ ọ́n tó bá ti jinná. Ẹ tú u, ẹ tún un ta."

Òfin méjì ni ó fi kọ́ wọn ju gbogbo òfin lọ. Àkọ́kọ́ ni pé ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó dé ní àárọ̀ yẹn, lè pariwo "Dúró", gbogbo nǹkan a sì dúró, ọ̀gá àgbà pàápàá a dúró. Èkejì ni ti ọwọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ láti orí ògiri, ẹnì kejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo ohun tí ó so mọ́ ara rẹ̀ wò: akoto, ìdè àyà, ìkọ́ irin, kókó okùn, bẹ́líìtì ìbàdí, ìdè itan òsì, ìdè itan ọ̀tún. Kì í ṣe ojú ni ó gbọ́dọ̀ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Mobáyọ̀ ní, "Òpùrọ́ ni ojú. Ohun tó rí lánàá ló máa ń rí lónìí. Ẹ dì í mú, ẹ fà á, kí ẹ sì fi ẹnu sọ ọ́: Mo fọwọ́ kàn án, ó dáa. Tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, ẹ má sọ ọ́."

Lẹ́yìn náà wọn a fọwọ́ sí ìwé.

Fún òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Anna ni ẹnì kejì Kúlísúmù, ó sì máa ń fa bẹ́líìtì Kúlísúmù bí ẹni ń fa ewúrẹ́ wọlé nítorí òjò. Kò sí wàhálà. Ní Sátidé tí ó kẹ́yìn, ọmọ Anna ń ṣàìsàn, kò wá. Àlàájì Nọ́fíù wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, ó wá sọ satifíkéètì tirẹ̀ dọ̀tun, nítorí ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun. Mobáyọ̀ ní kí àwọn méjèèjì jọ ṣe é. Ó rò pé oore ni òun ṣe wọ́n.

Nígbà tí ó di aago kan kọjá díẹ̀, wọ́n sinmi. Àlàájì tẹ́ páálí sí ẹsẹ̀ ilé gogoro náà, ó sì tú ìdè itan rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé ìdè yẹn kì í jẹ́ kí ènìyàn lè forí kanlẹ̀ dáadáa. Kúlísúmù bọ́ tirẹ̀ pátápátá, ó dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n kírun Àílà. Àlàájì fẹ́ràn súrà gígùn. Ìgbà tí wọ́n fi sálámà, àwọn yòókù ti wà lórí òkè, wọ́n ń wo aago. Àlàájì ń gun àtẹ̀gùn, ó ń so bẹ́líìtì rẹ̀ lọ, bí ẹni tí àlejò bá láìwọ ṣòkòtò.

Wọ́n dé òkè. Kúlísúmù bẹ̀rẹ̀. Akoto: mo fọwọ́ kàn án, ó dáa. Ìdè àyà: ó fi ọmọ ìka fà á díẹ̀. Ìkọ́, kókó, ìbàdí. Ó wá ku itan.

Ibi tí ìdè itan ń gbà kì í ṣe ibi tí obìnrin ń gbé ọwọ́ sí lára ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè ní, ṣebí iṣẹ́ áńbúláǹsì ló ń ṣe, ìhòòhò wo ni kò tíì rí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n aláìsàn kì í ṣe ọkùnrin, aláìsàn ni. Ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ yìí, ara rẹ̀ le koko. Òun ni ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní Fátíhà. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó forí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì wà nínú àlùwàlá tí wọ́n fẹ́ fi kí Àlàásárì. Àlàájì fúnra rẹ̀ ti gbójú sókè, ó ń wo sánmà bí ẹni tí ń ka ìkùukùu. Ọwọ́ Kúlísúmù nà, ó ku ìka mẹ́ta, ó dúró.

Ẹnu rẹ̀ kò dúró ní tirẹ̀. "Òsì: mo fọwọ́ kàn án, ó dáa. Ọ̀tún: mo fọwọ́ kàn án, ó dáa." Ó sì fọwọ́ sí ìwé.

Àlàájì fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ láti orí ògiri, bí ó ti ṣe ní ìgbà ẹgbẹ̀rún. Bí ìwúwo rẹ̀ ti bọ́ sórí bẹ́líìtì ni ìdè itan òsì yọ̀ nínú irin rẹ̀. Nígbà tí Àlàájì ń so ó lórí àtẹ̀gùn, kò dá a padà gba inú irin náà lẹ́ẹ̀kejì, bí ó ṣe yẹ. Ara rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fì, ó sì fi èjìká òsì lu ògiri, gbì. Ẹnì kan kígbe "Dúró". Àlàájì kò pariwo. "Subuhánálláhì" ni ó sọ, ní ohùn ẹni tí ó ṣèèṣì da tíì sílẹ̀.

Wọ́n rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kúlísúmù ti wà nísàlẹ̀ kí ó tó kanlẹ̀. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya, ó tẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó tẹ ìhà rẹ̀, ó tẹ ìbàdí dé itan, ó di èjìká tí ó yẹ̀ náà mọ́ àyà. Ọwọ́ kò lọ́ra, ọwọ́ kò bèèrè ẹni tí ó ni ara. Ìgbà tí ó parí ni ó wo ọwọ́ náà, ó sì fẹ́ bi í léèrè ibi tí ó lọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn.

Ní ọsibítù, ọ̀gá tésàn dé pẹ̀lú ìwé. Eegun tí ó so èjìká Àlàájì mọ́ àyà ti kán, èjìká ti yẹ̀. Ọ̀gá bi Àlàájì léèrè bóyá wọ́n yẹ ìdè itan náà wò. Kúlísúmù dúró sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àlàájì kò wo ojú rẹ̀.

"Mo so ó dáadáa," ó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. "Òun náà sì fọwọ́ kàn án. Ó fà á gan-an."

Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀, ó kí i, ó jáde.

"Àlàájì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé—"

"Mo mọ ohun tí mo mọ̀. Èmi ni mo mú ọ wọ iṣẹ́ yìí. Mi ò ní jẹ́ kí bẹ́líìtì kan mú ọ jáde. Ẹnu wa ò gbọdọ̀ di méjì. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ohun tí àwọn méjèèjì kò gbọ́ ni ohun tí ìwé náà ń sọ. Bí ènìyàn bá so bẹ́líìtì dáadáa, tí ẹlòmíràn sì fà á tí ó dáa, tí ó tún wá yọ̀, a jẹ́ pé irin rẹ̀ ni kò dáa. Wọ́n kó bẹ́líìtì méjèèjìlá tí kọ́ọ̀sì náà ń lò lọ fún àyẹ̀wò. Ta ni ó yẹ àwọn irin náà wò ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn? Mobáyọ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Wọ́n ní kí ó má kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ títí di ìpàdé tí wọn yóò fi wádìí ọ̀rọ̀ náà, ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì.

Kúlísúmù se móínmóín ẹlẹ́yin, ó sì gbéra lọ sí Glenarden láti lọ jẹ́wọ́. Ó bá Mobáyọ̀ nínú gáréèjì rẹ̀. Ó jókòó sórí àga kékeré, ó mú bẹ́líìtì tirẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ti ìdè náà bọ inú irin, ó ń fà á yọ, ó tún ń tì í bọ̀ ọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Ummu. Báwo ni Àlàájì?"

"Wọ́n ti ń jókòó. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò." Kò gbé ojú sókè. "Mo rántí pé mo yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ṣé mo rántí ni, àbí mo kàn mọ̀ pé mo máa ń ṣe é ni? Mo ti jókòó síbí láti àárọ̀, mi ò lè sọ. Felicia ìyàwó mi ní kí n jẹun, mo ní ṣé mo ti jẹun ni àbí n kò tíì jẹ, mi ò mọ̀."

"Bọ̀ọ̀dá Mobáyọ̀, mo fẹ́ sọ fún yín—"

"Mo ti sọ fún wọn kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn. Tí wọ́n bá dá mi láre gan-an, mi ò ní padà. Ẹni tí ọwọ́ ara rẹ̀ bá ti ń tàn jẹ, kò yẹ kó máa so ènìyàn mọ́ okùn." Ó wá gbójú sókè. "Kí lẹ fẹ́ sọ?"

Ohùn Àlàájì dún ní etí rẹ̀: ẹnu wa ò gbọdọ̀ di méjì. "Móínmóín ni," ni Kúlísúmù wí. "Ẹyin wà nínú rẹ̀." Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó sì lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ummulkhair ń jẹ búrẹ́dì kí ó tó lọ sí ibi iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ náà fi ń sọ̀rọ̀, Yorùbá ni ìyá fi ń dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé-ìwé.

"Mọ́mì, ṣé ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Jẹ oúnjẹ rẹ."

"Ìyẹn ni pé ẹ ò fọwọ́ kàn án."

"Oúnjẹ ni mo ní kí o jẹ, mi ò ní kí o ṣe adájọ́."

"Ẹ kàn sọ fún wọn. Kí ló le níbẹ̀?"

"Bí mo bá sọ pé mi ò fọwọ́ kàn án, kí ni mo pe Àlàájì yẹn?"

"Onírọ́." Ọmọ náà sọ ọ́ bí ẹni ka orúkọ òpópónà.

"Ẹni tó kọ́ ọ ní kéwú."

"Ó kọ́ mi kí n má parọ́ pẹ̀lú."

Kúlísúmù gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀, ọmọ náà kò sì tíì jẹun tán.

Kúlísúmù gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí àlá kankan tí ó lá, kò sì sí ohùn kankan láti òkè. Ọlọ́run mọ ìgbà tí ẹrú Rẹ̀ ti mọ ìdáhùn. Ohun tí ó rò níkẹyìn ni ohun tí obìnrin Ìbàdàn èyíkéyìí yóò rò: ó ní bí òun bá máa tú àṣírí àgbà, ó yẹ kí òun kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà náà. Ó wakọ̀ lọ sí ilé Àlàájì.

Àlàájì wà nínú àga, apá rẹ̀ wà nínú aṣọ ìgbékọ́rùn. Abibat ìyàwó rẹ̀, Ìyá Rayyan, ń bó ọsàn fún un. Kúlísúmù kúnlẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ láti orí ìkúnlẹ̀.

"Àlàájì, mo wá gba ìyọ̀ǹda ni, láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Mobáyọ̀."

"Wọ́n ní kó sinmi ni. Tó bá di oṣù mẹ́ta, wọ́n á gbàgbé, á padà."

"Bọ̀ọ̀dá Mobáyọ̀ fúnra wọn ni ò fẹ́ padà mọ́, sà. Wọ́n ò gbà pé àwọn yẹ̀ ẹ́ wò mọ́."

Àlàájì gba awẹ́ ọsàn kan, kò fi sẹ́nu.

"Èmi ni mi ò da ìdè yẹn padà," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí mo ti ń fì lórí afẹ́fẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún, ojú dídì ni mo fi ń so ó. Kí lo fẹ́ kí n lọ sọ? Pé mo tú u torí irun, mo sì ń kánjú so ó? Ọdún mẹ́rin ni mo fi bẹ àwọn ènìyàn yìí kí wọ́n tó fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tá a fi ń kírun. Ọdún mẹ́rin, Kúlísúmù. Kí wọ́n wá máa sọ pé ẹ wo àwọn Mùsùlùmí, àdúrà wọn fẹ́ẹ́ pa wọ́n?"

Kúlísúmù kò rò ó dé ibẹ̀ rí. Ó ti rò pé nítorí òun ni Àlàájì ṣe parọ́. Ó rí i báyìí pé òun kàn wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí irọ́ náà kọjá ni.

Ìyá Rayyan fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Kúlísúmù, ta ló mú ọ wọ iṣẹ́ náà?"

"Àwọn ni, mà."

"Ó tán."

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Mi ò tíì bínú," ni Àlàájì wí. "Má jẹ́ kí n bínú."

Ọjọ́bọ̀ dé. Ènìyàn mẹ́fà jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀gá tésàn ń ka ìwé: olùkọ́ yẹ bẹ́líìtì wò, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ so ó, ẹnì kejì fọwọ́ kàn án. Mobáyọ̀ wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ti gbé ìwé kan síwájú, ìwé pé òun fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun kan láti fi kún un kí wọ́n tó lọ sí ìpinnu. Àlàájì ń wo tábìlì. Mobáyọ̀ na ìwé rẹ̀ sí ọ̀gá.

"Dúró," ni Kúlísúmù wí.

Ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lórí ilé gogoro, gbogbo wọn sì dúró. Ọwọ́ Mobáyọ̀ dúró lórí afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ìwé náà.

"Mi ò fọwọ́ kan ìdè itan. Òsì àti ọ̀tún. Mo sọ pé mo fọwọ́ kàn án, mo sì fọwọ́ síwèé, ṣùgbọ́n ojú ni mo fi wò ó."

Ọ̀gá béèrè ìdí. Kúlísúmù gbìyànjú. Ó ní àgbà ni. Ó ní obìnrin ni òun. Ó ní àwọn jọ ń lọ sí mọ́sálásí kan náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó wà níbẹ̀ ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kò sì yé wọn, wọ́n ń wò ó bí ẹni tí ń ṣàlàyé ìdí tí kò fi bu omi pa iná. Mobáyọ̀ nìkan ni ó yé. Kò tíì parí gbólóhùn kejì tí Mobáyọ̀ ti gbé orí lé tábìlì.

Kúlísúmù kò dárúkọ irun. Ó ti sọ tirẹ̀. Ó jókòó.

Àlàájì ni ó dìde. Ó gba àkókò, nítorí apá kan ni ó fi ń ti ara rẹ̀ sókè. "Mo tú ìdè náà láti kírun," ó ní, "mo sì fi ìkánjú so ó padà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkánjú ni. Ẹ má kọ ọ́ pé irun ni."

Ọ̀gá kọ ọ́ bí ó ti wí, ó sì ṣe ìdájọ́ rẹ̀ ní ìjókòó kan. Kúlísúmù kò yege kọ́ọ̀sì náà, ó lè tún un ṣe nígbà ìrúwé. Àyè inú ẹgbẹ́ okùn lọ sí tésàn mìíràn. Bẹ́líìtì méjèèjìlá kò ní àbùkù, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́, Mobáyọ̀ sì mú ìwé rẹ̀ padà sápò. Àlàájì sọ ohun tí kì í ṣe òtítọ́ nínú ìwádìí ààbò, nítorí náà kò lè sí nínú ẹgbẹ́ okùn mọ́. Ó lè máa wa ọkọ̀ tésàn bí ó bá wù ú. Àlàájì dúpẹ́. Kò dé tésàn mọ́ láti ọjọ́ náà. Rayyan ọmọ rẹ̀ ni ó gbé akoto rẹ̀ wá, ó ti nù ún mọ́ tónítóní.

Lẹ́yìn ìpàdé, Mobáyọ̀ bá Kúlísúmù ní ẹ̀gbẹ́ mọ́tò rẹ̀.

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi lórí òkè yẹn. Ṣebí mo wà níbẹ̀. Mo lè wá fà á fúnra mi."

"Ojú ló tì mí."

"Ó yé mi. Ìyá mi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì, Ìyá Ummu. Mi ò gba ọwọ́ ara mi gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ sì wá sí gáréèjì mi. Móínmóín yẹn dùn, mo jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì."

Kúlísúmù bẹ̀ ẹ́. Mobáyọ̀ ní kò burú, ní ohùn ẹni tí ó mọ̀ pé yóò ṣì burú fún ìgbà díẹ̀.

Ní mọ́sálásí, wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí a ti ń sọ̀rọ̀ ní mọ́sálásí, ìyẹn ni pé wọ́n ń dákẹ́ nígbà tí ó bá wọlé. Àwọn àgbà máa ń sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Kúlísúmù rò pé wọ́n ń pa á lówe ni, kò mọ̀ pé ènìyàn lè ru ú délé bẹ́ẹ̀ lódidi. Ìyá Rayyan kí i. Ó ní, "Ó dáa náà. O ti di olóòótọ́." Nígbà tí ó bá kúnlẹ̀ kí Àlàájì, Àlàájì a dáhùn sálámà rẹ̀ délẹ̀, kò ní fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì ni yóò dá lóhùn. Kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́tàlá ni ó ti ń gbọ́ "Kúlísúmù" ní ohùn yẹn, kò sì mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kẹrin dé, ó padà sórí ilé gogoro. Anna kò sí níbẹ̀. Àwọn tuntun ni gbogbo wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni ẹlòmíràn. Kí Mobáyọ̀ tó pín wọn ní méjì méjì, ó pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bi wọ́n ní jẹ́jẹ́ bóyá ẹnì kan wà tí ọwọ́ wọn kò ní lè kàn, fún ìdí yòówù kí ó jẹ́. Kò bèèrè ìdí. Àwọn ọmọ náà rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ó di aago kan kọjá, wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó wà lórí ìwé ètò kọ́ọ̀sì, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Kúlísúmù bọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, ó tẹ́ páálí sí ẹsẹ̀ ilé gogoro. Ó fẹ́ dúró, ó sì rí i pé ẹ̀yìn ni òun dúró sí, pé òun ti fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ níwájú. Ó wo àyè náà. Kò sún síwájú. Ó kírun láti ibi tí ó wà, súrà kúkúrú ni ó kà, ó sì bẹ Ọlọ́run fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, pé kí èjìká rẹ̀ san, kí ọkàn rẹ̀ sì san pẹ̀lú, ní ìgbà tí ó bá tọ́ lójú Rẹ̀.

Ó wọ bẹ́líìtì náà lórí ìdúró, ó so ó tán kí ó tó gun àtẹ̀gùn. Lórí òkè, ẹnì kejì rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí irun rẹ̀ ti funfun, ó tó bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń dúró. Kúlísúmù wí nínú ara rẹ̀ pé Bísímílláhì. Akoto, àyà, ìkọ́, kókó, ìbàdí. Ó tẹ̀ ba, ó di ìdè itan òsì mú, ó sì fà á tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá náà fi ta gọ́ọ́gọ́ọ́ síwájú.

"Mo fọwọ́ kàn án," ó wí, "ó dáa."

"Ìyá Ummu, ẹ rọra, bàbá ẹni ni," ni Mobáyọ̀ wí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Kúlísúmù na ọwọ́ sí ìdè kejì. Ó ku ọ̀tún.